Ikùn Ńlá àti Agbára Ọkùnrin: A Kì í Fi Ètè Sílẹ̀ Pa Làpálàpá

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn àgbà ọkùnrin kì í fẹ́ sọ síta. Bí ẹsẹ̀ bá ń dùn wọ́n, wọn a wí. Bí ojú kò bá ríran dáadáa mọ́, wọn a wá awò lọ. Ṣùgbọ́n bí agbára ọkùnrin bá bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù, wọn a pa á mọ́ra. Ìyàwó ilé lè mọ̀, ṣùgbọ́n òun náà kò ní lè sọ. Ìdákẹ́jẹ́ yìí ni ó ń mú ọ̀pọ̀ wọn tọ alágbo àti ẹni tí ń kiri oògùn nínú báàgì lọ, dípò kí wọ́n tọ dókítà lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ó sì jẹ́ pé, ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ohun tí ó ń fa ìṣòro náà kò fara pamọ́ rárá. Iwájú ni ó wà, lábẹ́ agbádá, tí ó yọ gọnbu. Ikùn ni.

Ní Kado, ní Abuja, irú àwọn bàbá bẹ́ẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ kó olú-ìlú kúrò ní Èkó lọ sí Abuja ní ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá ọdún 1991, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí ó jẹ́ ọmọ Yorùbá bá iṣẹ́ wọn lọ. Ní nǹkan bí ọdún 2005, tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í ta àwọn ilé rẹ̀ ní olú-ìlú náà fún àwọn òṣìṣẹ́ tí ń gbé inú wọn, ọ̀pọ̀ nínú wọn di onílé ní ilẹ̀ àjò. Ẹni tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 30 nígbà tí wọ́n ń kó dé ti lé ní ẹni 60 ọdún báyìí. Òfin ìjọba sì ni pé ẹni tí ó bá pé ọmọ ọdún 60, tàbí tí ó bá ti ṣe iṣẹ́ fún ọdún 35, yóò fẹ̀yìntì. Iṣẹ́ tán, àga kò tán. Láti orí àga ní ọ́fíìsì, wọ́n bọ́ sí orí àga nínú ilé. Láàárín méjèèjì, inú ọkọ̀ ni wọ́n wà. Bí ó bá di ìrọ̀lẹ́, ọjà ẹja Kado kò jìnnà. Gbogbo ará Abuja ni ó mọ̀ ọ́n: ẹja àrọ̀ tí a sun, tí a fi ata àti àlùbọ́sà sí lórí, pẹ̀lú ọ̀dùnkún tí a dín nínú epo àti ọtí tútù. Ẹja náà kò dá ẹ̀ṣẹ̀ kankan, oúnjẹ rere ni. Ohun tí ó tẹ̀ lé e àti aago tí a fi ń jẹ ẹ́ ni ó ń di ọ̀rá.

Kì í ṣe ọ̀kánjúwà nìkan ni ó ń sanra fún àwọn bàbá yìí. Àṣà náà wà níbẹ̀. Láti ìgbà pípẹ́ ni Yorùbá ti ka ikùn sí àmì ọlá, nítorí pé ní àkókò tí ìyàn ń mú lemọ́lemọ́, ẹni tí ó bá ní ẹran lára ni ó ní àká. Èyí sì wúwo lórí ẹni tí ó wà ní àjò ju ẹni tí ó wà nílé lọ. Bí ó bá wálé fún ọdún Iléyá tàbí ọdún Kérésìmesì, ara rẹ̀ ni àwọn ará ilé kọ́kọ́ ń wò. Bí ó bá sanra, wọn a ní àjò ń gbè é. Bí ó bá rù, wọn a máa béèrè ní kọ̀rọ̀ pé kí ni ó ń ṣe é. Nípa bẹ́ẹ̀, ikùn di ìwé ẹ̀rí tí ọmọ àjò ń gbé wálé. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ ńlá wà. Bàbá tí ó sanra nígbà àtijọ́ ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí oko, ó ń fi ẹsẹ̀ rìn bọ̀, ó sì ń ro oko láàárín méjèèjì. Bàbá ti òde òní kì í rìn ju ẹnu ilẹ̀kùn dé ibi tí ọkọ̀ rẹ̀ gbé dúró lọ.

Báwo wá ni ọ̀rá inú ikùn ṣe kan ọ̀rọ̀ ìyẹ̀wù? Ẹ̀jẹ̀ ni ó so méjèèjì pọ̀. Kí nǹkan ọkùnrin tó lè dìde, àfi kí àwọn iṣan tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ síbẹ̀ kọ́kọ́ là, kí ẹ̀jẹ̀ ya wọ inú rẹ̀, kí ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà padà sì fún pa. Ohun tí ń pàṣẹ fún àwọn iṣan náà láti là ni èròjà kan tí ara ń ṣe, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ nitric oxide. Àwọn onímọ̀ Amẹ́ríkà 3, Robert Furchgott, Louis Ignarro àti Ferid Murad, ni wọ́n gba Ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1998 nítorí iṣẹ́ tí wọ́n ṣe lórí èròjà yìí. Inú awọ fẹ́ẹ́rẹ́ tí ó tẹ́ inú iṣan ẹ̀jẹ̀ ni púpọ̀ rẹ̀ ti ń jáde. Ọ̀rá tí ó yí ìfun ká a máa ba awọ náà jẹ́. Ọ̀rá náà kì í jókòó lásán bí ẹrù tí a gbé sílẹ̀; a máa tú àwọn èròjà sínú ẹ̀jẹ̀ tí ń mú ara gbóná lábẹ́nú, a máa jẹ́ kí ara kọ etí dídi sí insulin tí ń ṣètò ṣúgà, a sì máa ti ẹ̀jẹ̀ ríru lẹ́yìn. Nígbà tí ó bá yá, iṣan yóò le, yóò sì dín. Ẹ̀jẹ̀ tí kò ráyè kọjá kò lè gbé ohunkóhun dìde.

Ọ̀nà kejì ni ti họ́mọ́ònù. Testosterone ni họ́mọ́ònù tí ń fún ọkùnrin ní ìfẹ́ inú, iṣan líle àti okun. Inú ọ̀rá gan-an ni èròjà kan wà tí ń sọ testosterone di họ́mọ́ònù irú ti obìnrin. Bí ọ̀rá bá ti ń pọ̀ sí i ni ìyípadà yìí ń pọ̀ sí i. Ìdí rẹ̀ nìyí tí ọmú fi ń yọ láyà àwọn ọkùnrin mìíràn tí ó sanra, tí agara fi ń dá wọn, tí wọn kì í sì í ní ìfẹ́ sí ìyàwó wọn mọ́. Ẹni tí ó sanra tún sábà máa ń han oorun, tí èémí rẹ̀ a sì máa dáwọ́ dúró díẹ̀díẹ̀ lójú oorun. Nígbà tí ènìyàn bá ń sùn ni ara ń ṣe púpọ̀ nínú testosterone, nítorí náà ẹni tí kò sùn dáadáa ń pàdánù rẹ̀. Àti pé, kí ọ̀rọ̀ náà lè yé àwọn tí ń ráhùn pé nǹkan àwọn ti kéré sí ti àtẹ̀yìnwá: ọ̀rá abẹ́ ikùn ni ó sábà máa ń bò ó mọ́lẹ̀.

Èyí tí ó yẹ kí ó ba gbogbo ọlọ́gbọ́n lẹ́rù jùlọ kò tíì délẹ̀. Iṣan tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí nǹkan ọkùnrin kéré púpọ̀ sí èyí tí ń bọ́ ọkàn. Ti ìsàlẹ̀ kò ju mìlímítà 1 sí 2 lọ ní fífẹ̀. Ti ọkàn tó mìlímítà 3 sí 4. Bí ìdọ̀tí ọ̀rá bá ń lẹ̀ mọ́ inú gbogbo iṣan lẹ́ẹ̀kan náà, èyí tí ó kéré ni yóò kọ́kọ́ dí. Fún ìdí èyí, àwọn dókítà ti rí i pé àìlera ní ìyẹ̀wù sábà máa ń ṣáájú àìsàn ọkàn pẹ̀lú ọdún bíi mélòó kan. Ẹni tí agbára rẹ̀ dín kù ní ọdún yìí lè jẹ́ ẹni tí àyà rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún ní ọdún mẹ́ta òní, tàbí ẹni tí rọpárọsẹ̀ yóò kọ lù. Ara ti rán ìránṣẹ́ ṣáájú. Bí bàbá bá fi ìtìjú lé ìránṣẹ́ náà padà, ẹni tí ó rán an níṣẹ́ yóò fúnra rẹ̀ dé.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé òun nìkan ni ó wà nínú rẹ̀. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Massachusetts, ní Amẹ́ríkà, láàárín ọdún 1987 sí 1989 fi hàn pé nínú àwọn ọkùnrin tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 40 sí 70, ìdá 52 nínú 100 ni ó ní ìṣòro yìí, yálà díẹ̀ tàbí púpọ̀. Ìwádìí mìíràn tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2003 wo àwọn ọkùnrin ọmọ ọdún 35 sí 70 tí wọ́n lọ sí ilé ìwòsàn kéékèèké ní Nàìjíríà, Íjíbítì àti Pakistan. Ti Nàìjíríà ju ìdajì lọ, ó jẹ́ nǹkan bí ìdá 57 nínú 100. Ohun tí ó ń ṣe ju ìdajì àwọn ọkùnrin tí ó jókòó sí iwájú dókítà kì í ṣe èpè, kì í ṣe ẹ̀gàn.

Síbẹ̀, kí ni wọ́n ń ṣe sí i? Ní ilẹ̀ Haúsá àti ní Abuja, èèpo igi kan wà tí wọ́n ń pè ní burantashi. Wọ́n a gún un, wọ́n a sì bù ú sórí súyà fún ọkùnrin tí ó bá fi ojú bẹ̀bẹ̀. Èròjà yohimbine wà nínú rẹ̀, èyí tí ó lè mú kí ọkàn máa lù kìkì, kí ẹ̀jẹ̀ sì ru sókè. Ẹni tí ó ń mu ún, tí kò sì mọ iye tí ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ jẹ́, ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ta iná sí epo. Ní ibùdókọ̀, àwọn alágbo ń ta paraga, egbò àti èèpo tí a rẹ sínú ọtí líle; ọtí náà tìkára rẹ̀ sì wà lára ohun tí ń sọ ọkùnrin di aláìlágbára. Àwọn mìíràn a lọ ra oògùn oyìnbó lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kà. Lóòótọ́, oògùn sildenafil tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní oṣù Kẹta ọdún 1998 ń ṣiṣẹ́, ó sì ti ran ọ̀pọ̀ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹni tí ó ń lo oògùn ọkàn tí wọ́n ń pè ní nitrate bá gbé e mì, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè já wálẹ̀ lójijì tí yóò fi kú. Àti pé bí oògùn náà bá ṣiṣẹ́ tán, ọ̀rá ṣì wà níbi tí ó wà, iṣan ṣì ń dí. Èyí gan-an ni àwọn àgbà ń pè ní fífi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá.

Àwọn mìíràn kì í ra oògùn. Ẹ̀bi ni wọ́n ń wá. Wọ́n a ní ayé ni ó dè wọ́n, tàbí pé ìyàwó kò wù wọ́n mọ́, wọ́n a sì lọ fẹ́ ọmọdé láti fi dán ara wọn wò. Owó ìfẹ̀yìntì yóò lọ, ilé yóò dàrú, ìṣòro náà yóò sì bá wọn dé ọ̀dọ̀ ìyàwó tuntun. Àwọn kan a ní jẹ̀díjẹ̀dí ni. Ẹ má sì jẹ́ kí a fi àwọn baba ńlá ṣẹ̀sín lórí èyí. Wọ́n ti ń kìlọ̀ láti ìgbà pípẹ́ pé ẹni tí ó bá fẹ́ràn ohun dídùn jù, jẹ̀dí yóò ba ọkùnrin rẹ̀ jẹ́. Bí orúkọ tí wọ́n fún àìsàn náà kò tilẹ̀ bá ti ilé ìwòsàn mu, ojú wọn ríran: ṣúgà àti ailágbára ọkùnrin ń rìn pọ̀. Àtọ̀gbẹ a máa ba iṣan ẹ̀jẹ̀ àti iṣan ìmọ̀lára jẹ́ pọ̀, ó sì wà lára àwọn ohun tí ń fa àìsàn yìí jùlọ. Ìkìlọ̀ wọn ni ó yẹ kí a gbà, kì í ṣe agbo inú ọtí.

Àwọn kan yóò sọ pé ọjọ́ orí ni, àti pé bàbá ẹni 70 ọdún kò tún ní nǹkan í fi ṣe mọ́. Lóòótọ́ ni ọjọ́ orí ní ìpín tirẹ̀. Láti nǹkan bí ogójì ọdún ni testosterone ti ń dín kù díẹ̀díẹ̀ lọ́dọọdún. Ṣùgbọ́n dídín díẹ̀díẹ̀ yàtọ̀ sí títán. Ọ̀pọ̀ ohun tí a ń di ẹrù rẹ̀ ru ọjọ́ orí, ikùn, sìgá, ọtí, ṣúgà àti àìrìn ni wọ́n ni ín. Ọjọ́ orí kò ṣeé dá padà. Àwọn ìyókù ṣeé dá padà. Òótọ́ mìíràn ni pé ẹni tí ó tẹ́ẹ́rẹ́ náà kò bọ́: ẹ̀jẹ̀ ríru, ìbànújẹ́ ọkàn àti àwọn oògùn kan lè mú un. Kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni máa fi ẹni tí ó sanra ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí yẹ̀yẹ́ ni ó ń mú ènìyàn sá fún dókítà.

Ẹ̀rí wà pé ọ̀ràn náà ní àtúnṣe. Ní Naples, ní ilẹ̀ Ítálì, àwọn dókítà kó ọkùnrin 110 jọ, àwọn tí ó sanra jù, tí agbára wọn sì ti dín kù, láàárín ọmọ ọdún 35 sí 55. Wọ́n kọ́ ìdajì wọn ní ọ̀nà tí wọn yóò fi dín oúnjẹ kù tí wọn yóò sì máa rìn, wọ́n sì tẹ̀ lé wọn fún ọdún 2. Àbájáde tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2004 fi hàn pé nǹkan bí ìdámẹ́ta nínú àwọn tí wọ́n kọ́ yìí ni agbára wọn padà bọ̀ sípò. Nínú ìdajì kejì, àwọn tí ó rí bẹ́ẹ̀ kò tó nǹkan. Ìdámẹ́ta kì í ṣe gbogbo ènìyàn. Ṣùgbọ́n kò sí nínú wọn tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru nítorí pé ó rìn, owó ìrìn kò sì tó owó burantashi.

Kí bàbá tí ó bá fẹ́ mọ ibi tí òun wà mú okùn ìwọ̀n tí àwọn télọ̀ ń lò. Kì í ṣe ibi tí ó ń de bẹ́líìtì sí lábẹ́ ikùn ni yóò wọ̀n. Ọ̀pọ̀ ni ó ń yangàn pé ṣòkòtò òun kò ju íǹsì 36 lọ, tí ikùn sì ṣíji bo bẹ́líìtì. Àárín egungun ìhà ìsàlẹ̀ àti egungun ìbàdí ni kí ó wọ̀n, lẹ́yìn tí ó bá ti mí síta. Bí ó bá ju sẹ̀ǹtímítà 94 lọ, èyí tí ó jẹ́ nǹkan bí íǹsì 37, kí ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ra. Bí ó bá ju 102 lọ, tí í ṣe íǹsì 40, ewu ti dé tòsí. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbà máa ṣe eré ìdárayá fún ìṣẹ́jú 150, ó kéré tán, láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ìyẹn kò ju ìrìn kánmọ́kánmọ́ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ní ọjọ́ 5 lọ. Adágún Jabi kò jìnnà sí Kado. Ẹni tí ó ń wakọ̀ lọ síbẹ̀ láti mu ọtí lè fi ẹsẹ̀ rìn ín ní àárọ̀. Ní ti oúnjẹ, kò sí ẹni tí ó ní kí ọmọ Yorùbá má jẹ iyán. Kí òkèlè dín kù, kí ẹ̀fọ́ pọ̀ sí i, kí oúnjẹ alẹ́ yá, kí ohun mímu dídùn sì di ti ọjọ́ ọdún. Kí ó má sì ṣe fi ebi pa ara rẹ̀, nítorí àgbà tí ó bá fi ebi rù yóò pàdánù ẹran ara tí ń gbé e rìn.

Ṣáájú gbogbo rẹ̀, kí ó lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹni tí ó wà ní Kado ní Gwarinpa General Hospital àti National Hospital nítòsí, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ sì ní káàdì ìlera. Kí ó ní kí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru òun, kí wọ́n yẹ ṣúgà àti ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ wò, kí ó sì sọ òótọ́ fún dókítà ní tààrà pé báyìí ni òun rí nínú ìyẹ̀wù. Bí ó bá ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, tí ó sì fura sí i, kí ó má dá a dúró fúnra rẹ̀. Dókítà lè pààrọ̀ rẹ̀. Ìdúró oògùn bẹ́ẹ̀ ti gbé ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ sórí ibùsùn rọpárọsẹ̀. Kí ó má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gún un ní abẹ́rẹ́ testosterone láìjẹ́ pé wọ́n ti yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò ní àárọ̀ ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kò parí sí ọwọ́ bàbá nìkan. Ìyàwó tí ó bá fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ pé, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí a jọ lọ wo dókítà," ti ṣe ju ẹni tí ó rojọ́ fún ẹbí lọ. Àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tí ń pàdé ní oṣooṣù ní Abuja, ní Kaduna, ní Kano àti ní Jos, kí wọ́n ra ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, kí okùn ìwọ̀n sì wà lórí tábìlì kí ìrẹsì àti ọtí tó dé orí rẹ̀. Nílé, àwọn àgbà ẹbí wà tí ó lè pe ọkùnrin sí ìkọ̀kọ̀. Ní àjò, ẹgbẹ́ ni ó ń ṣe iṣẹ́ àgbà ẹbí. Ìjọba náà ní ìpín tirẹ̀. Aboyún ní ọjọ́ tirẹ̀ ní ilé ìwòsàn ìjọba, ọmọ ọwọ́ ní ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára; ó yẹ kí bàbá tí ó lé ní ẹni 50 ọdún náà ní ọjọ́ tirẹ̀, níwájú ọkùnrin tí yóò fi ọ̀wọ̀ gbọ́ ọ. Kí wọ́n sì ṣe ojú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ ní àwọn ẹsítéètì, kí ẹni tí ó bá fẹ́ rìn má baà bá ọkọ̀ du títì.

Àwọn àgbà ní, bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn ní òru. Ẹni tí ó ti lo ọgbọ̀n ọdún ní àjò láti kọ́lé àti láti tọ́mọ kò yẹ kí ó fi ìtìjú pa ara rẹ̀ ní àkókò tí ó yẹ kí ó jókòó jẹ èrè rẹ̀. Ohun tí àwọn ará ilé ń retí kì í ṣe ikùn tí ó wọlé ṣáájú olúwa rẹ̀. Olúwa rẹ̀ fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń retí, láàyè, pẹ̀lú ìlera.